Etí Omi Kọ́ Ni Àyè Mi

Omi yẹn ò ga ju orúnkún mi lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn ná, torí gbogbo ìgbà tí mo bá ń sọ ọ̀rọ̀ yìí fún èèyàn, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń bi mí ni pé báwo lomi ọ̀hún ṣe jìn tó, ẹnu sì máa ń yà wọ́n tí mo bá fọwọ́ kan orúnkún mi. Àbíkẹ́yìn mi ló wà nínú ẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ta, ó ń fi ife róbà bu omi, ó ń dà á lé ara ẹ̀ lórí, ó ń rẹ́rìn-ín kèékèé. Èmi jókòó sórí àga létí omi, táwẹ̀lì mẹ́ta lórí itan mi, fóònù lọ́wọ́ mi, mò ń wá èyí tó dáa jù nínú fọ́tò tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yà á kí n lè fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀rín yẹn dá, mi ò tètè fura.

Màá padà síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bá a ṣe débẹ̀, torí ohun tó gbé mi jókòó sórí àga yẹn ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́ kó tó di ọjọ́ náà.

Àkọ́bí mi, ọmọ ọdún méje, ló mú ọ̀rọ̀ wọ́tà páàkì wọlé, ibi ìgbafẹ́ tí wọ́n ti ń ṣeré nínú omi, tí wọ́n ń yọ̀ wálẹ̀ lórí sílàìdì sínú púùlù. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan nílé ìwé ti lọ, ó sì ti ròyìn ẹ̀ fún un débi pé ọmọ tí ò tíì fẹsẹ̀ kan ibẹ̀ rí ti mọ ibi tí sílàìdì pupa wà, ó mọ ibi tí èyí tó ṣókùnkùn wà. Láàárọ̀ á bi mí, lálẹ́ á bi bàbá ẹ̀. Bàbá ẹ̀ mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ dáadáa, kò rí wàhálà kankan níbẹ̀, èmi ni mò ń fòní dónìí tí mò ń fọ̀la dọ́la. Mi ò mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́. Láti kékeré ni omi tó bá ti ju ti inú báàfù lọ ti máa ń já mi láyà, mi ò sì fẹ́ káwọn ọmọ mi jogún ẹ̀rù yẹn lọ́wọ́ mi, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà nígbẹ̀yìn. Àmọ́ nínú ọkàn mi mo ti pín iṣẹ́: bàbá wọn á wà nínú omi, èmi á wà létí omi, màá máa ṣọ́ ẹrù, màá máa nu wọ́n lára, màá máa ya fọ́tò. Mo gbà tọkàntọkàn pé ìtọ́jú ọmọ náà nìyẹn.

A débẹ̀, a gba tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n so nǹkan mọ́ wa lọ́wọ́, a kó ẹrù sí lọ́kà, mo fi kíríìmù òòrùn pa àwọn ọmọ lára látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹni bá fẹ́ lọ, ẹ fi sára wọn bí ìdajì wákàtí ṣáájú kẹ́ ẹ tó wọ omi, kẹ́ ẹ sì tún un fi lẹ́yìn wákàtí méjì, tàbí tí wọ́n bá ti jáde nínú omi tẹ́ ẹ ti nù wọ́n lára, torí omi àti táwẹ̀lì máa ń nù ún kúrò. Ọmọ tí ò tíì pé oṣù mẹ́fà, ibòji ni kẹ́ ẹ fi í sí.

Ohun tó kọ́kọ́ dá ẹkún sílẹ̀ ni pátákó tí wọ́n fi ń wọn gíga ọmọdé nídìí sílàìdì ńlá. Ìlà tó wà lára ẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 122, àkọ́bí mi jẹ́ 119. Ó na ọrùn, ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró, ọ̀dọ́kùnrin tó wà níbẹ̀ rọra gbé ọwọ́ lé e lórí títí gìgísẹ̀ ẹ̀ fi balẹ̀. Ọmọ náà wò mí. Ojú tó fi wò mí yẹn, ẹ̀yin òbí mọ̀ ọ́n, ojú pé ṣebí ẹ̀yin lẹ ni mí, ẹ bá mi sọ̀rọ̀. Mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ lóòótọ́, mo ní ẹ jọ̀ọ́, sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta péré ni, ó gbọ́n ju ọjọ́ orí ẹ̀ lọ. Ó ní, "Ẹ má bínú mà, mi ò lè ṣe é." Inú bí mi nígbà yẹn. Lónìí mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Omi fẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ṣàn lórí sílàìdì ló ń jẹ́ kó yọ̀, kó má ha ara èèyàn, ìyẹn ló fi ń sáré bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe tẹ kọ́ọ̀nà ibẹ̀, ara tó tóbi tó báyìí tó sì wúwo tó báyìí ni wọ́n fi ṣírò ẹ̀, ọmọ tó kéré jù lè fò kúrò lójú ọ̀nà níbi tó ti yí, ó lè má lè káwọ́ máyà kó sì di ẹsẹ̀ pọ̀ bí wọ́n ṣe ní kó ṣe, tó bá sì jábọ́ sínú púùlù tó wà nísàlẹ̀, omi ibẹ̀ lè ju imú ẹ̀ lọ. Mo rò pé sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ò tó nǹkan, ìyá tó jókòó sétí omi ló ń rò bẹ́ẹ̀.

Ohun tó gba ẹkún náà lójú ẹ̀ ni bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá kan tí wọ́n gbé kọ́ sókè lórí ilé eré àwọn ọmọdé. Ẹ ò rí nǹkan tó dáa! Omi á máa kún un díẹ̀díẹ̀, agogo á dún, gbogbo ọmọ á sáré wá dúró sábẹ̀ ẹ̀, wọ́n á di ojú, wọ́n á máa pariwo, bọ́kẹ́ẹ̀tì á dojú dé, omi á sì ya lé wọn lórí. A dúró síbẹ̀ tó ìgbà márùn-ún. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin àkọ́bí mi ò di ojú mọ́, òkè ló ń wò, ó ní, "Mọ́mì, kò sẹ́ni tó ń tì í o, omi yẹn fúnra ẹ̀ ló ń tì í ṣubú." Òótọ́ ló sọ. Irin tí wọ́n fi gbé e kọ́ wà nísàlẹ̀ díẹ̀, tí omi bá ń kún, ìwúwo á máa gòkè, tó bá ti kọjá irin yẹn, bọ́kẹ́ẹ̀tì ò lè dúró mọ́, tó bá sì ti dà á tán, ìdí ẹ̀ tó wúwo á fà á padà. Ọmọ tó ń sunkún nítorí sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ló fi ojú ara ẹ̀ rí i. Mo ya fídíò ẹ̀. Mo ya gbogbo ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn bàbá wọn kó wọn lọ sínú odò tó ń rọra yí ká, ẹ mọ èyí tí èèyàn máa ń jókòó sínú táyà róbà tí omi á máa gbé e lọ, pọ́ǹpù ló ń ti omi ibẹ̀.   Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yí kọjá ibi tí mo jókòó sí, àbíkẹ́yìn mi á na ọwọ́, á ní, "Mọ́mì, ẹ wá!" Mo ju ọwọ́ sí i, mo ní mò ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló pè mí. Ohun tó máa ń dùn mí jù nínú gbogbo ọjọ́ náà nìyẹn, ó tiẹ̀ ju èyí tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ lọ nígbà míì, torí ọmọ náà ti sọ fún mi ibi tó yẹ kí n wà kó tó di pé wàhálà dé.

Ó tó bí ogójì ìṣẹ́jú, ètè àkọ́bí mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Òòrùn ń ràn o, ara ẹ̀ ṣì tutù. Omi máa ń fa ooru kúrò lára èèyàn tó bí ìlọ́po 25 bí atẹ́gùn ṣe ń fà á, ara ọmọdé sì rèé, awọ ẹ̀ pọ̀ tá a bá fi wé bó ṣe wúwo, ìyẹn ni wọ́n fi ń tètè tutù jù wá lọ. Tí wọ́n bá ti ń gbọ̀n, ẹ mú wọn jáde, kódà tí wọ́n bá ní àwọn ò fẹ́, wọn ò ní fẹ́. Bàbá ẹ̀ mú un lọ pààrọ̀ aṣọ, ó ní á tún mú un lọ tọ̀. Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ yẹn náà ṣe pàtàkì, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó tó bọ́ lórí mi: òórùn líle tó máa ń ta síni nímú nídìí púùlù tó sì ń jẹ́ kójú pọ́n, kì í ṣe kilórìnì, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi, nìkan ló ń rùn bẹ́ẹ̀, kilórìnì tó ti pàdé ìtọ̀ àti òógùn ni. Kí gbogbo wa wẹ̀ ká tó wọ omi, ká sì mú àwọn ọmọ lọ sílé ìtọ̀ ní wákàtí-wákàtí. Ọmọ tó bá sì ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ fi í sílé, páńpáàsì ò lè dá a dúró, kòkòrò àìfojúrí kan wà tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, tí wọ́n ń pè ní Cryptosporidium, tó lè lò ju ọjọ́ méje lọ nínú omi tí wọ́n fi kilórìnì sí dáadáa. Ọmọ ọlọ́mọ ló máa gbé e mì.

Báyìí ló ṣe ku èmi àti àbíkẹ́yìn mi nídìí púùlù kékeré, òun nínú omi, èmi lórí àga. Kò jìnnà sí mi ju ìṣísẹ̀ mẹ́fà lọ.

Nígbà tí mo gbójú sókè, ife ẹ̀ ti ń léfòó lọ. Òun náà wà níbẹ̀, mo rí i, ìyẹn ló jẹ́ kó burú, mo rí i, mo sì rò pé ó ń ṣeré. Ó gbé orí sẹ́yìn, ẹnu ẹ̀ wà ní ojú omi gan-an, ó ń wọlé ó ń jáde, ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì nà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń tẹ omi mọ́lẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gòkè. Ojú ẹ̀ là sílẹ̀. Kò pariwo, kò ju ọwọ́, kò pe Mọ́mì. Mo ń wò ó. Mi ò mọ iye ìgbà tí mo fi wò ó. Láìfùgáàdì tó wà lódìkejì, ẹni tó ń ṣọ́ àwọn tó wà nínú omi, ti bẹ́ sómi kí n tó dìde lórí àga, ó ti gbé e sókè kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ọmọ náà wú ikọ́, ó wú ikọ́, ó bì, ó wá figbe ta. Mo na ọwọ́ gbà á. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni mo fi gbà á, torí fóònù ṣì wà ní ọwọ́ kejì.

Wọ́n mú wa lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣètọ́jú, wọ́n jẹ́ ká jókòó títí mímí ẹ̀ fi balẹ̀. Wọ́n ní ká ṣọ́ ọ títí di ọjọ́ kejì, tó bá ń wú ikọ́ tí ò dá, tàbí tó ń mí gúlegúle, tàbí tó ń bì, tàbí tó kàn ń sùn ṣáá lọ́nà tí kì í ṣe ìṣe ẹ̀, ká gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Kò sí ìkankan tó ṣẹlẹ̀. Láìfùgáàdì náà wá wò ó ká tó lọ, ọmọdé ni òun náà, kò lè ju ogún ọdún lọ. Mo fẹ́ kúnlẹ̀ fún un, kò jẹ́. Kò bá mi wí. Ó kàn ní, "Tẹ́ ẹ bá tún padà wá, Mọ́mì, ẹ wọnú omi."

Mi ò sùn lóru yẹn. Mo ṣí fóònù, mo wo aago tó wà lára fọ́tò tí mo yà kẹ́yìn, èyí tó ti ń rẹ́rìn-ín tó gbé ife sókè: 1:42. Mo wo ọ̀rọ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi lórí WhatsApp, tí mi ò fi ránṣẹ́. Fọ́tò kejì tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ni àwòrán ilẹ̀, ó dúdú, ó yí, ìka mi ló ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ nígbà tí mò ń sáré: 1:43. Ìṣẹ́jú kan. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín, ó rì, wọ́n yọ ọ́, láàárín 1:42 sí 1:43.

Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Láìfùgáàdì kan wà ní New York tó ń jẹ́ Frank Pia, láàárín ọdún 1970 sí 1979 ló ṣàlàyé bí ẹni tó ń kú sómi ṣe máa ń ṣe gan-an, gbogbo ohun tó sọ ni mo ti fi ojú mi rí tí mi ò mọ̀: pé kì í lè pariwo torí mímí ni ẹnu àti imú kọ́kọ́ wà fún, ọ̀rọ̀ sísọ ń tẹ̀ lé e ni, pé ọwọ́ á nà sẹ́gbẹ̀ẹ́ á máa tẹ omi, kò lè fi í pe èèyàn, pé ara á dúró gbọnrangandan, ẹsẹ̀ ò ní ta, pé láàárín 20 sí 60 ìṣẹ́jú àáyá á ti rì. Gbogbo ayé mi ni mo ti rò pé ẹni tó ń rì á kígbe, á máa ju ọwọ́ sókè, mò ń tẹ́tí sílẹ̀ de igbe. Mo rò pé etí lásán tó mi ṣọ́ ọmọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé èèyàn tó tó 300,000 ló kú sómi lọ́dún 2021, àwọn ọmọ tí ò tíì pé ọdún márùn-ún sì tó bí ìdá kan nínú mẹ́rin wọn. Mo ka ìlà yẹn, mo dìde, mo lọ gbé ọwọ́ lé àyà ọmọ mi níbi tó sùn sí.

Mo tún kà pé àwọn láìfùgáàdì kan ní òfin 10 àti 20: kí wọ́n lè fojú yẹ gbogbo agbègbè tí wọ́n ń ṣọ́ wò láàárín 10 ìṣẹ́jú àáyá, kí wọ́n sì lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó bá wà nínú ewu láàárín 20. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn gan-an. Àmọ́ ẹ wo iye orí tó wà nínú omi tí ẹni kan ń wò, ọmọ mi jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, fún èmi òun nìkan ni. Àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà ní kí àgbà wà nítòsí ọmọ kékeré débi pé tó bá na ọwọ́, ọwọ́ ẹ̀ á tó o. Kì í ṣe ìṣísẹ̀ mẹ́fà. Kò sì sí róbà tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí lápá ọmọ tó lè rọ́pò ìyẹn, ó lè jò, ó lè yọ kúrò, eré ni wọ́n ṣe é fún. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù tó ń gbéni léfòó, tó bá ara ọmọ mu ni kẹ́ ẹ wá.

Àwọn èèyàn mi ní kí n má gbé wọn débẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní omi ti kìlọ̀ fún mi. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀, mo sì mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń sọ ọ́, àmọ́ ọmọ tí ò bá mọ omi ò bọ́ lọ́wọ́ omi, èmi gan-an ni ẹ̀rí. Mo lọ forúkọ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àgbàlagbà ní lílúwẹ̀ẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ki ojú bọmi tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn síta, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, àwọn míì ti ń lọ ti wọn, mo ṣì di irin etí púùlù mú.

Oṣù méje lẹ́yìn ẹ̀ la padà lọ. Fóònù méjèèjì wà nínú lọ́kà. A fi rọ́bà pupa kan sọ́wọ́, ẹni tó bá wà lọ́wọ́ ẹ̀ ló ń ṣọ́ ọmọ, kò ní sọ̀rọ̀ mìíràn, kò ní wo ibòmíì, lẹ́yìn ìdajì wákàtí á bọ́ ọ fún ẹnì kejì, á sì sọ ọ́ lẹ́nu pé ó ti di tìẹ o. Aṣọ ìwẹ̀ tí mo rà fún àbíkẹ́yìn mi jẹ́ àwọ̀ ọsàn tó ń tàn yòò, torí búlúù ló wọ̀ lọ́jọ́ yẹn, búlúù nínú omi tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ jẹ́ búlúù. Àkọ́bí mi ti di 123. Ó gun sílàìdì ńlá yẹn, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún sáré padà lọ tò sórí ìlà kí n tó rí ojú ẹ̀ dáadáa.

Àbíkẹ́yìn mi ò fẹ́ wọ omi. Ó dúró létí púùlù kékeré, ó di etí jákẹ́ẹ̀tì ẹ̀ mú, ó ń wo omi. Mi ò fà á, mi ò ní kó má bẹ̀rù. Mo wọlé, mo jókòó sínú omi, ó dé ìgbáyà mi, mo na ẹsẹ̀, mo dúró dè é. Ó pẹ́ o. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá yẹn dà lọ́ọ̀ọ́kán, ó tún kún, ó tún dà. Ó ki ẹsẹ̀ kan bọ̀ ọ́, ó yọ ọ́. Ó tún ki í bọ̀ ọ́. Nígbà tó yá ó wá jókòó sórí itan mi, ó ní kí n bá òun mú ife òun, mo fún un. Ó bu omi kún un, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sókè, ó rọra dà á lé mi lórí, ó wá tẹ̀ síwájú, ó ń wo ojú mi bóyá màá sunkún.